Oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti 2017 bínú lọ nítorí álẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ẹlẹ́ẹ̀sì (Ọjọ́rú, àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi mí ṣẹ̀sín.

Lẹ́ẹ̀sì ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà nínú ìsọ̀ kan náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oníbàárà kan wà, Ṣúrùlérè ló ń gbé, ó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ọdún 2017. Bí òde bá ti dé bá a, ọ̀dọ̀ mi ni yóò ti wá kó aṣọ ẹbí. Kì í tiẹ̀ bèèrè lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jọ wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kú, aṣọ èèyàn mẹ́rìnlá ni wọ́n fẹ́. A ná an, a ná an, láti ₦95,000 a bọ́ sí ₦78,000 fún yáàdì márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,092,000. Ó tẹ fóònù, ó ní owó ti lọ, ó na fóònù náà sí mi kí n fojú ara mi rí i. Mo wo tèmi, kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò wọlé. Ogún, kò wọlé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti di ẹrù tán, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà sì ti gbé e sápá. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo: "Ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀ o! Ẹnikẹ́ni ò ní gbé ọjà mi jáde lónìí láìsanwó!" Gbogbo ìsọ̀ tó wà ní ọ̀nà wa ló yíjú.

Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ó dáa, Ìyá." Ó gba ẹrù náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó tiẹ̀ tún etí nylọ́ọ̀nù náà ṣe kí aṣọ má baà yọ síta. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, owó wọlé. Mo pè é títí, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ajé ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ pé kí n dá owó òun padà, òun kò fẹ́ aṣọ mọ́. Mo dá a padà.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Victoria Island ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní emotional intelligence, ìyẹn òye ìmọ̀lára, ni mi ò ní, pé kí n lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan ní Lẹ́kí. Mo bi í pé ta ni yóò bá mi ṣọ́ ìsọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wí: ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ni nìyí, àbí sùúrù tí ìyá mi kọ́ mi náà ni, tí mo kàn gbàgbé sílé lọ́jọ́ yẹn?

Ọmọ_Ládípọ̀

Mọ́mì, ẹ ò jẹ̀bi. Ọlọ́jà wo ló wà l'Ékòó yìí tí kò mọ̀ nípa álẹ́ẹ̀tì ayédèrú? Èmi, gíábọ́ọ̀sì Corolla ni wọ́n fi gbé lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wọ agbádá, ó ń pè mí ní "ọmọ mi", ó tún gbàdúrà fún mi. Téèsì wọlé lóòótọ́, orúkọ báǹkì mi wà lórí rẹ̀, ohun gbogbo pé. Ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ sanwó ọjà ni mo tó rí i pé iye tó wà nínú àkáǹtì láti àná náà ló ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó jẹ́ pásítọ̀ mi ló wá rajà, yóò jókòó títí mo fi máa ṣí áàpù tí mo máa rí owó. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Oníbàárà tó bá ní làákàyè, á yé e.

Àjíkẹ́_Olóúnjẹ

Ọmọ_Ládípọ̀, ta ló ní kí wọ́n má dúró de owó? Gbogbo wa la ń dúró de owó. Ohùn tí wọ́n fi dá a dúró là ń sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkòkà

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ nípa èrò àti ìhùwàsí ẹ̀dá ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ emotional intelligence yìí ti ṣẹ̀, kó má lọ di pé ẹni tó ń ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò máa sọ ọ́ fún wa.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan lọ́dún 1990. Ohun tí wọ́n sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: pé kí èèyàn mọ ohun tó ń ṣe òun nínú, kó mọ èyí tó ń ṣe ẹnìkejì, kó sì fi ìmọ̀ yẹn darí ìrònú àti ìṣe rẹ̀. Wọ́n kà á sí oríṣi làákàyè kan. Lọ́dún 1995 ni Daniel Goleman, oníròyìn tó kọ́ irú ìmọ̀ yìí, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀, ó sì di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Nígbà tó di 1998, ó kọ ọ́ fún àwọn olórí iléeṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review, ó pín in sí márùn-ún: mímọ ara ẹni, kíkó ara ẹni níjàánu, ìtara tí kì í ṣe torí owó nìkan, mímọ ohun tó ń ṣe ẹlòmíràn, àti mímọ èèyàn-án bá lò. Ibẹ̀ ni àwọn oníléeṣẹ́ ti gbá a mú, wọn ò sì tíì jù ú sílẹ̀ títí dòní.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe lè wọ̀n ọ́n o, àwọn kan sì ní Goleman gbé e ga ju ibi tí ìwádìí gbé e dé lọ. Nítorí náà, Mọ́mì, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi ọjọ́ méjì kọ́ yín ní Lẹ́kí, ẹ kọ́kọ́ bi í bí òun yóò ṣe mọ̀ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìlú_Ti_Le

Gbogbo gírámà yìí! Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ní ọ̀nà tiwa ní Òkè Àrin, ẹni tó ń tà jù ni ìyá kan tó máa ń bú oníbàárà. Bí o bá dá owó tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò bi ọ́ bóyá wọ́n sọ fún ẹ nílé pé sàárà ni wọ́n ń ṣe níbí. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Kí ló fà á? Páálí kan lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ₦2,000 dín sí ti gbogbo wa. Oníbàárà Èkó ò wá ẹni tó mọ inú òun, ẹni tó mọ àpò òun ló ń wá.

Àjíkẹ́_Olóúnjẹ

Ìlú_Ti_Le, ìyá yẹn mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ẹni tó ń bú èèyàn tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, o rò pé kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ bú? Lọ ṣọ́ ọ dáadáa. Wò ó bóyá yóò bú ẹni tó bá gbé ìbànújẹ́ wọlé.

Ìlú_Ti_Le

Hmm. Mo máa ṣọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́_Màrínà

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn wọlé sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ẹ̀sì sọ yẹn, wọ́n ti fi nà mí rí.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó nídìí káńtà báǹkì kan l'Érékùṣù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ owó: wọ́n gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní ìparí 2022, wọ́n ní tó bá di 31 oṣù Kìíní 2023 ti àtijọ́ ò ní ṣe é ná mọ́, wọ́n tún sún un sí 10 oṣù Kejì. Àtijọ́ ò ṣe é ná, tuntun ò sí. Tránsífà ń há sójú ọ̀nà nítorí gbogbo ayé ló ń fi ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn èèyàn ń sùn síwájú báǹkì. Oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù tó ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún yóò fi parí, ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, ojú wa rí nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, owó tí wọ́n kó fún mi nínú àpótí kò tó ti ogójì èèyàn. Ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó ní kí a máa rẹ́rìn-ín, pé ẹni tó bá fajúro sí oníbàárà kò ní òye ìmọ̀lára, yóò sì hàn nínú ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá kan dé iwájú mi lẹ́yìn tí owó ti tán, ó lẹ ìwé oògùn mọ́ gíláàsì, bí ẹni pé èmi ni mò ń ta oògùn. Ó wo eyín mi. Ó ní, "Ṣé mo pa ẹ́ lẹ́rìn-ín ni?" Mo dìde, mo lọ ti ara mi mọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo sunkún.

Láti 1983 ni obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Arlie Hochschild ti kọ̀wé lórí irú èyí. Ó wo àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń gba gbèsè fún iléeṣẹ́, ó ní iṣẹ́ gidi ni kí èèyàn máa tún ojú ara rẹ̀ ṣe nítorí owó oṣù, ó sì ń jẹ ẹni lára. Ẹ̀rín mi yẹn, ọ̀gá ló ni ín. Èmi ni wọ́n kàn ń lo ẹnu mi.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó gbà wá là lọ́jọ́ yẹn ni máígádì wa. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò jáde síta, yóò fi ìka ka àwọn tó tò, yóò ní: "Owó tó kù máa dé ọ̀dọ̀ bàbá tó dé fìlà pupa yẹn. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn wọn, ẹ má fi oòrùn pa ara yín, ẹ lọ jẹun." Wọ́n ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ, wọn ò sì fọ́ gíláàsì wa. Àìrí ẹ̀rín kọ́ ló ń ṣe àwọn èèyàn yẹn. Wọn ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn dé ni, òun nìkan ló sì rí i.

Olùtọ́jú_Òpó

Mo ti pa ìpolówó mẹ́ta rẹ́ láti àárọ̀. Ẹ dákun, ẹ má ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

BàbáTíṣà_Yaba (Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú ìfaradà.

Èdè Yorùbá ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú yẹn ni n ó fi wò ó. Ìyá Ẹlẹ́ẹ̀sì, ẹ bèèrè bóyá sùúrù náà ni. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sùúrù kàn ń sọ fún ni pé kí a dúró ni, kò sọ ohun tó ń ṣe wá bí a ṣe dúró yẹn. Ìyẹn ni àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ń wá orúkọ fún, èdè wa sì ti fún un lórúkọ tipẹ́, a kàn ń fi ẹnu gbà á kọjá ni.

Yorùbá kì í sọ pé "mo ní ìmọ̀lára kan". Ó máa ń sọ ibi tó ti mú òun. Inú ní í bíni. Ojú ní í tini. Àyà ní í já. Ọkàn ní í pòruurù. Orí ní í wú. Ara ní í tani. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wò ó sàn. Ẹni tí inú ń bí, a máa ń ní kó jókòó, kó mu omi tútù. Ẹni tí ojú ń tì ńkọ́? Bí o bá fún un lómi láàárín èrò, o tún pe èrò sí i láti wò ó ni. Ẹni tí àyà rẹ̀ já ń fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òun, ohun tí máígádì Àbẹ̀kẹ́ sì fún wọn nìyẹn.

Àmọ́ nínú ọjà Èkó, ìbínú nìkan ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n wọ̀ jáde. Ta ni yóò dúró láàárín Ìdúmọ̀tà tí yóò pariwo pé "Ẹ̀rù ń bà mí o"? Ẹ̀rù á bà á, yóò fi ìbínú bò ó. Ojú á tì í, yóò fi ìbínú bò ó. Tó bá ṣe díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ èyí tó wà nísàlẹ̀ mọ́.

Ẹ má bínú, Ìyá, ìbéèrè kan ni mo ní: nígbà tí obìnrin yẹn gbé ẹrù sápá, níbo gan-an ló ti mú yín?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkòkà

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Lisa Feldman Barrett, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ohun tí ẹ sọ yìí: pé ẹni tó lè ya ohun tó ń ṣe é sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó lè dá ẹ̀rù mọ̀ yàtọ̀ sí ìbínú àti ìtìjú, a máa kápá rẹ̀ ju ẹni tó kàn ń sọ pé "nǹkan ń ṣe mí". Mi ò rò ó rí pé bí Yorùbá ṣe ń pín in sí ara nìyẹn. Mo máa gbé e lọ bá olùkọ́ mi.

Fóònù_Dókítà

Ọwọ́ mi dí ni mo fi pẹ́. Kọ̀ǹpútà Village n'Ìkẹjà ni mo wà. Ẹni tó bá gbé fóònù fífọ́ wá, gíláàsì kọ́ ló sábà máa ń bà á nínú jẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó sọnù?" Ìyá kan dá mi lóhùn lọ́dún tó kọjá pé ohùn ọkọ òun ni, pé ọkọ náà ti kú, àti pé kò sí níbòmíràn. Ká ní iye owó ni mo kọ́kọ́ sọ ni, mi ò ní mọ̀, mo sì lè ti nu gbogbo ẹ̀ dànù nídìí àtúnṣe. Mo kó ohùn yẹn sí orí kọ̀ǹpútà kí n tó fọwọ́ kan irin iṣẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Àwọn tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ ní òpópónà Ọ̀tìgbà, tí wọ́n ń ta fóònù tó jẹ́ pé ọṣẹ ni wọ́n dì sínú páálí, àwọn náà mọ inú èèyàn dáadáa. Wọ́n mọ ẹni tó ń kánjú. Wọ́n mọ ẹni tí ojú ń tì láti ṣí páálí wò níwájú wọn. Àdúrà tí alágbádá yẹn gbà fún Ọmọ_Ládípọ̀, kí lẹ rò pé ó jẹ́? Ohun tí à ń sọ yìí náà ni, ọwọ́ olè ló kàn wà.

Ọmọ_Ládípọ̀

Àdúrà yẹn ló ń dùn mí ju gíábọ́ọ̀sì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe àmín.

Ìyá_Ẹlẹ́ẹ̀sì (Ọjọ́rú, òru)

Bàbá Tíṣà, ìbéèrè yín ò jẹ́ kí n sùn.

Àyà mi ló já. Inú ò bí mi rárá. Lẹ́ẹ̀sì yẹn, àwìn ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, nítorí láti ìgbà tí náírà ti já lulẹ̀ ní 2023, owó tí mo fi ń ra páálí mẹ́wàá kò ra mẹ́ta mọ́. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí n san án. Kí ìyẹn tó dé, nínú oṣù Kọkànlá, ẹnì kan ti fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú gbé ọjà ₦640,000 lọ mọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ mi tó ní kí n lọ sí Lẹ́kí.

Nígbà tí mo rí ẹrù lápá obìnrin yẹn, ẹni oṣù Kọkànlá ni mo rí. Ẹsẹ̀ mi tutù. Etí mi di. Mi ò mọ̀ pé ohùn mi ròkè tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ sọ fún mi.

Ká ní mo sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti gbé ọjà lọ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, àyà mi ń já, ẹ bá mi dúró díẹ̀," ẹni yẹn ì bá jókòó. Mo mọ̀ ọ́n. Ì bá tiẹ̀ ti rán ọmọ lọ ra gala fún gbogbo wa.

Àjíkẹ́_Olóúnjẹ

Ìyá mi, ẹ kú ìpọ́njú. Ọlọ́run á bá yín san gbèsè yẹn.

Ó wá ku ti obìnrin náà. Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà: ó tún etí nylọ́ọ̀nù ṣe kó tó lọ. Ẹni tí inú ń bí kì í tún nylọ́ọ̀nù ṣe, ńṣe ni yóò jù ú mọ́ yín lára. Ojú ló tì í. Òun ló kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta kọjá afárá wá láti Ṣúrùlérè, mo sì lè búra pé nínú ọkọ̀ ló ti ń sọ fún wọn pé, "Ìyá mi ni, ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, á ṣe é dáadáa fún wa." Wọ́n dé ibẹ̀, ẹ pè é lólè.

Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀dínwó bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi jàrá kún un. Bí ẹ bá fi owó bẹ̀ ẹ́, á dà bíi pé ẹ rò pé torí owó ló ṣe ń bínú. Iwájú àwọn mẹ́ta yẹn lojú ti tì í, iwájú wọn náà ni kí ẹ ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wọn rí.

Ìlú_Ti_Le

Ìyá ọlọ́jà ọdún mọ́kàndínlógún, kó lọ máa bẹ oníbàárà níwájú èèyàn mẹ́ta! Ta ló tún máa bẹ̀rù wọn mọ́ lọ́jà?

Àjíkẹ́_Olóúnjẹ

Èmi ti bẹ agbèrò rí ní ìdí búkà mi l'Óyíngbò, níwájú àwọn agbèrò ẹgbẹ́ ẹ̀, torí ẹran tí kò jinná. Ó ṣì ń wá jẹun. Ó tún ti kó wọn dání.

Ọmọ_Ládípọ̀ (Ọjọ́bọ̀)

Mọ́mì dárúkọ ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé gíábọ́ọ̀sì yẹn lọ, èmi gan-an ni mo wo téèsì, èmi ni mo ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé e sínú bùùtù fún wọn. Nígbà tí mo mọ̀ pé wọ́n ti lù mí, òun ni mo gbá létí. Mo tún gé owó oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù méjì. Ojú ló ń tì mí, bí Bàbá ṣe sọ yẹn gẹ́lẹ́, mi ò sì lè gbá ara mi létí.

Kò sọ nǹkan kan. Ó parí ọdún tó kù fún un, ó gba ìdáǹdè, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀nà kejì sí mi. Àwọn mẹkáníìkì tó ń rajà lọ́dọ̀ mi láti Múṣin àti Oṣòdì, ọ̀pọ̀ wọn ló tẹ̀ lé e. Kò lo oògùn o, kò sì bà mí jẹ́ lẹ́nu. Òun ni wọ́n mọ̀. Òun ló ń dá wọn lóhùn ní gbogbo ìgbà tí èmi ń pariwo. Bí mo bá ṣírò ohun tí mo ti pàdánù, gíábọ́ọ̀sì yẹn ò ju owó súwẹ́ẹ̀tì lọ.

Fóònù_Dókítà

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?

Ọmọ_Ládípọ̀

Rárá. À ń kíra.

Ìlú_Ti_Le (Àbámẹ́ta)

Mo ṣọ́ ìyá yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Àjíkẹ́, o borí mi.

Lánàá, ọkùnrin kan wá ra mílíìkì àti Milo, ojú ẹ̀ pọ́n kankan, kò tiẹ̀ ná ọjà. Iye tí ìyá yẹn pè é ló ń kà jáde lápò. Mo fetí sílẹ̀ kí n gbọ́ èébú. Kò sí. Ó gba owó náà, ó kà á, ó yọ ₦3,000 nínú ẹ̀, ó dá a padà fún un, ó ní, "O ò ná an, èmi bá ẹ ná an." Ọkùnrin yẹn jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó lọ, obìnrin kan dé, ó dá owó kan tí kò nítumọ̀, ìyá bá tún bi í bóyá ilé wọn náà ni wọ́n ti ń pín sàárà.

Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ₦2,000 tí ọjà ẹ̀ fi dín sí tiwa o. Kó má ṣe bí ẹni pé ojú inú nìkan ló ń tajà.

Àbẹ̀kẹ́_Màrínà

Òótọ́ lẹ sọ. Ká ní owó wà nínú àpótí mi lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa rántí wo eyín mi.

Ìyá_Ẹlẹ́ẹ̀sì (Ọjọ́ Ajé)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Àkọ́kọ́, mo ti ní kí ẹnì kan bá mi kọ páálí kan, mo gbé e kọ́ sókè níbi tí gbogbo oníbàárà yóò ti rí i: "Ẹ jọ̀ọ́, bí álẹ́ẹ̀tì ò bá tíì wọlé, ẹ bá wa jókòó. Wọ́n ti lù wá rí." Mo ra bẹ́ǹṣì kan sí i, mo sì ń fi omi tútù sínú kúlà. Ọmọ iṣẹ́ ò ní máa di ẹrù mọ́ títí a ó fi rí owó. Lánàá òde yìí, ọkùnrin kan ka páálí náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti lu òun náà rí, la bá ń sọ ọ́ títí owó rẹ̀ fi wọlé. A ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó wọlé.

Ní ti obìnrin náà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé ìpè mi. Òun ló bá mi pe àwọn yòókù jọ. Mo lọ sí Ṣúrùlérè ní ọ̀sán Sátidé, mo ti ìsọ̀ pa, ohun tí mi ò ṣe rí lọ́jọ́ Sátidé. Mo bá gbogbo wọn ní pálọ̀. Mo sọ ti oṣù Kọkànlá fún wọn, mo sọ ti àwìn. Mo ní òun kọ́ ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, olè ni mo rí, pé ó sì dùn mí pé ojú olè ni mo fi wò ó. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, Ìlú_Ti_Le, ó tì mí gan-an. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Òun náà ò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó bèèrè pé ṣé ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ní ó wà. Ó ní ó dáa, torí òun rò pé mo ti lé e. Ó gbé Maltina fún mi. Wọ́n ti ra aṣọ ìsìnkú níbòmíràn, mo rí i lórí àga níbẹ̀, lẹ́ẹ̀sì tí kò dára tó tèmi, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà tó sìn mí dé gééètì ló ní bí gèlè kan bá wà lọ́wọ́ mi tó máa bá àwọ̀ yẹn lọ, kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun.

Mo ti fi mẹ́rin ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ó ti fi àmì méjì hàn pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò tíì di búlúù.